Ọdún Tí Wọ́n Ní Kí Abẹ Wa Gba Ìwé Àṣẹ

Òórùn ọṣẹ dúdú àti osàn wẹ́wẹ́ ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ nílé wa ní Kambolé, ní ilẹ̀ Tógò, nígbà yẹn. Kí oòrùn tó yọ, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin á ti jókòó sórí àpótí rẹ̀ lábẹ́ igi mángòrò, á ti bu omi gbígbóná sínú igbá, á ti la osàn wẹ́wẹ́ sí méjì, á sì máa fa abẹ rẹ̀ lórí awọ tó so mọ́ òpó, ṣáá, ṣáá, ṣáá. Ìyá ni gbogbo wa ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bí ọ̀kankan nínú wa. Irun ni iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe dídì o, fífá ni. Orí ọmọ tuntun ní ọjọ́ kẹjọ, abíyá ìyàwó tí wọ́n ń sìn lọ sílé ọkọ, ara obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ogójì ọjọ́, àti irun àgbọ̀n àwọn ìyá àgbà tí ojú ń tì, èyí tó máa ń fi eérú fà tu lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tún ń fá ibòmíràn tí mi ò ní dárúkọ, ìwọ náà ṣáà mọ̀ ọ́n.

Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ ju bí mo ṣe lè sọ fún ẹ lọ. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ á máa sùn lórí itan rẹ̀ títí yóò fi fá orí rẹ̀ tán, tí orí náà á máa dán bí ẹyin. Àwọn obìnrin ń ti Goubi wá bá a, àwọn mìíràn ń ti òdìkejì ààlà wá láti Bẹ̀nẹ̀. Wọ́n ní ọmọ tí ọwọ́ Ìyá bá kan orí rẹ̀ kì í yọ ìyá tó bí i lẹ́nu. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, torí ọwọ́ rẹ̀ ló kan orí tèmi náà, ìyá tó bí mi sì ní mo sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aládùúgbò fẹ́ kó kúrò.

Ohun kan wà tó yẹ kí n sọ fún ẹ kí n tó lọ síwájú. Nílé wa, ọmọdé kì í tẹjú mọ́ ọwọ́ àgbà tó di abẹ mú. Bí o bá tẹjú mọ́ ọn, wọ́n á ní, "Kí lò ń wá níbẹ̀? Ṣé o fẹ́ kó ṣìṣe ni?" Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ ojú ló fi ń kọ́ ọ. Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ó tó ọdún mẹ́fà tí mo fi ń po ọṣẹ, tí mo ń gbé igbá, tí mo ń yọ́jú wò ó bí olè, kó tó gbé abẹ lé mi lọ́wọ́ pé kí n gbìyànjú ẹ̀ lára irun ẹ̀gbẹ́ etí àwọn ẹ̀gbọ́n mi.

Ayé tí mò ń sọ yìí, ìwọ náà rántí ẹ̀. Àwòrán ọkùnrin kan ṣoṣo ló wà lára ògiri gbogbo ilé iṣẹ́ ìjọba, ó wà nílé-ìwé, ó wà nílé ìwòsàn, ó wà lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò pàápàá. Wọ́n á pàṣẹ, àwa á gbọ́. Lọ́jọ́ ọjà kan ni akéde wá kígbe pé ẹnikẹ́ni tó bá ń fi abẹ kan ara ọmọlàkejì rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Wọ́n ní obìnrin kan níbì kan fárí fún ọmọ, abẹ rẹ̀ dípẹtà, ọmọ náà kú. Mi ò mọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, mi ò sì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Òfin ṣáà dé. Ẹni tó bá fẹ́ ìwé gbọ́dọ̀ ti jáde ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, yóò lọ kọ́ ìmọ́tótó lọ́dọ̀ infirmier, ìyẹn nọ́ọ̀sì, ilé ìwòsàn Tchamba, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní dókítà, lẹ́yìn náà yóò lọ gba òǹtẹ̀ ní Sokodé. Ẹni tí kò bá kàwé, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ dáa tó, kò gbọdọ̀ di abẹ mú mọ́ àfi lójú oníwèé. Oníwèé ni yóò jókòó tì í, tí yóò máa wò ó, tí yóò sì buwọ́ lùwé lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ìjọba fá tiwa lẹ́yìn wa, wọn ò tilẹ̀ fi omi rin ín.

Ìyá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwé? Ṣé orí ọmọ ló fẹ́ kà á ni?" Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gba abẹ lọ́wọ́ onífárí Haúsá kan nínú ọjà Tchamba, tí wọ́n sì tì í mọ́lé fún odidi ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. Ó pè mí lọ sẹ́yìn ilé. Kò jókòó, kò sì jẹ́ kí n jókòó.

"Ọmọ mi, mi ò bímọ, mi ò dáko. Bí mi ò bá fárí mọ́, ta ni yóò tún máa kanlẹ̀kùn mi láàárọ̀? Ìwọ lo kàwé. Jọ̀ọ́, lọ gba ìwé náà wá, kí o wá máa jókòó tì mí."

Ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Mi ò gbọ́ kí ohùn ìyá yẹn gbọ̀n rí láyé mi, ó sì bà mí nínú jẹ́ gan-an. Mo kúnlẹ̀, mo ní màá gbà á wá, bó gba kí n fi orókùn rìn dé Sokodé.

Àṣé mi ò mọ ohun tí mo sọ! Ọ̀rẹ́ mi, ó rẹ̀ mí. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn eruku pupa tó pò mọ́ èéfín mọ́tò, ó máa ń rẹ̀ mí láti inú egungun wá. Láti Kambolé dé Tchamba, orí àpò àgbàdo ni mo ń jókòó sí. Láti Tchamba dé Sokodé, àwa mẹ́rin la máa ń há sórí ìjókòó ẹni méjì. Mo kọ́kọ́ débẹ̀, wọ́n ní fọ́tò mi kò dáa, etí mi kò hàn. Mo padà sílé, mo ṣí ìborùn, mo ya òmíràn. Mo tún lọ, wọ́n ní ìwé ọjọ́ ìbí mi kò sọ ọjọ́ gan-an tí wọ́n bí mi. Ta ni kí n bi? Ìyá mi ní ọdún tí iṣu ta jù lọ ni. Mo tún lọ, ọ̀gá tó ń tẹ òǹtẹ̀ ti lọ síbi òkú. Mo tún lọ lọ́jọ́ mìíràn, mi ò bá ẹnikẹ́ni nínú gbogbo ilé iṣẹ́ náà, wọ́n ti kó gbogbo wọn lọ sójú títì kí wọ́n lọ kọrin pàdé ẹni ńlá kan tó ń bọ̀ láti Lomé. Ẹ̀ṣọ́ kan rí mi, ó ní kí n má dúró lásán, ó tì mí sáàárín wọn. Báyìí ni mo ṣe pàtẹ́wọ́ nínú oòrùn títí di ọ̀sán fún ẹni tí mọ́tò rẹ̀ sáré kọjá láì dúró, tí òógùn sì ń rin ìwé mi nínú àpò.

Ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta aṣọ nínú ọjà ni mo ń dé sí ní Sokodé. Nàìjíríà ni wọ́n ti wá, Yorùbá bíi tiwa ni, ṣùgbọ́n ahọ́n Kambolé tó wà lẹ́nu mi máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Bí mo bá padà dé pẹ̀lú ojú tó fà ro, á gbé omi fún mi, á ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ Kambolé. Ìwé ìjọba kì í sáré, ẹni tó ń wá a ló ń sáré." Màá rẹ́rìn-ín, màá sì yí sí ẹ̀gbẹ́ kan kó má bàa rí i pé omi wà lójú mi.

Kí n má purọ́ mọ́ dókítà Tchamba, òun nìkan ló ṣe èèyàn nínú gbogbo wọn. Ọmọ Tem ni, ó ti dàgbà díẹ̀, kò fẹ́ràn ariwo, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé ayé ti rẹ òun náà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń se abẹ nínú omi híhó, bí a ṣe ń lo abẹ tuntun fún orí kọ̀ọ̀kan, bí a ṣe ń fọ ọwọ́ títí dé ìgbúnwọ́. Lọ́jọ́ tó parí, ó fún mi ní kàyé kan, ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n ti fa ìlà sí. Ó ní orúkọ ìyá ọmọ, ọjọ́ tí a fárí, àti ìbuwọ́lùwé mi ni kí n máa kọ síbẹ̀. Ó wá wò mí lójú.

"Má buwọ́ lu ohun tí o kò rí."

Faransé ló fi sọ ọ́, ó tún un sọ ní Tem kó lè dá a lójú pé mo gbọ́. Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́, gbígbọ́ kọ́ ni ìṣòro mi.

Nígbà tí ìwé náà jáde níkẹyìn, ọyẹ́ ti dé, ètè mi ti sán. Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi kan iwájú orí rẹ̀, ó ṣàdúrà fún mi títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí lórí ìkúnlẹ̀. Ó fi aṣọ funfun wé e, ó so ó kọ́ òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awọ abẹ rẹ̀. Mo rò pé wàhálà ti tán.

Ṣùgbọ́n ìwọ náà rò ó wò. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe ọ̀gá lórí ẹni tó fá irun tí mo bá wáyé? Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí obìnrin kan gbé ọmọ wá, Ìyá fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé àga fún mi síwájú òun, torí mo ti di oníwèé. Ojú tì mí, ilẹ̀ ni mi ò lè wọ̀. Mo gbé àga náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo jókòó sórí ẹní lẹ́yìn rẹ̀, mo kọjú sí ọ̀nà, mo gbé ẹ̀wà kalẹ̀, mo ń ṣà á. Ti kàyé ńkọ́? Ṣé kí n máa kọ̀wé lé àgbà lórí lójú àlejò ni? Inú yàrá ni mo ti ń kọ ọ́ kí wọ́n tó dé. Orúkọ, ọjọ́, ìbuwọ́lùwé, gbogbo rẹ̀ á ti pé kí omi tó gbóná. Àwọn ará ìlú ní, "Ẹ wo ọmọ yìí, ó níwèé, kò sì gbéraga." Inú mi máa ń dùn bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà yẹn ni Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè tí kò bi mí rí. Bó bá fárí dé ìdajì, á dúró, á ní, "Ṣé ó mọ́?" Èmi á ní, "Ó mọ́, Ìyá," láì yíjú. Bó bá tún ṣe díẹ̀, "Etí ńkọ́?" "Etí dáa, Ìyá." Mo rò pé ó ń bọlá fún ìwé mi ni, kí àlejò lè rí i pé a ń pa òfin mọ́. Ó gbé àpótí rẹ̀ kúrò lábẹ́ mángòrò wá sínú oòrùn, ó ní òtútù ń mú òun. Ó ń fi àtàǹpàkò wá ibi tí irun wà kí abẹ tó tẹ̀ lé e. Gbogbo rẹ̀ ni mo rí ní ẹ̀gbẹ́ ojú, kò sì sí èyí tí mo rò já.

Ìyàwó àbúrò mi ọkùnrin ti pẹ́ nílé ọkọ láìbímọ. Wọ́n ti sọ ọ́ lọ́rọ̀ títí, ó ti sunkún títí. Nígbà tó wá bí ọmọbìnrin, gbogbo ilé wa ló bímọ. Ní ọjọ́ kẹjọ, àgbò ti wà ní ìso, àlùfáà ti dé, àwọn ọkùnrin ti jókòó sórí ẹní, tẹ̀sùbáà ń lọ lọ́wọ́ wọn. Ojú ọ̀run ṣú láàárọ̀ ọjọ́ náà, òjò àkọ́rọ̀ ń bọ̀, nítorí náà inú yàrá la kó sí pẹ̀lú ọmọ. Ìyá ní kí á jáde síta. A ní òjò á pa ọmọ.

Ó ní, "Kò sí ìmọ́lẹ̀ níbí."

Èmi ni mo dáhùn, Ọlọ́run gbọ́. Mo ní, "Ìyá, ṣé ọwọ́ tiyín ló nílò ìmọ́lẹ̀?" Gbogbo obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gba ọmọ sórí itan. Mo ti buwọ́ lu kàyé láti àná. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo kẹ́yìn sí i, mò ń wo bí òjò ṣe ń wú eruku.

"Ṣé ó mọ́?"

"Ó mọ́, Ìyá."

"Etí ńkọ́?"

"Etí dáa."

Ẹnu mi ò tíì pa dé tí ọmọ fi ké.

Abẹ ti la awọ orí rẹ̀ lókè etí òsì, ó gùn tó oríkèé ìka méjì. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ pọ̀ ju bí o ṣe rò lọ. Ìyá ọmọ ń kígbe pe Ọlọ́run, àwọn kan ń sáré wá aṣọ. Abẹ ti bọ́ sílẹ̀. Ìyá na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń wá ọmọ náà kiri nínú afẹ́fẹ́, ọmọ tí ìyàwó àbúrò mi ti gbé kúrò lórí itan rẹ̀, tó sì gbé dúró tì í gbágbáágbá níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó wo ojú Ìyá. Mo wò ó dáadáa, bí mi ò ṣe wò ó rí láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú. Ẹyinjú méjèèjì ti funfun bí omi ògì.

Mọ́tò tó kó iṣu lọ sọ́jà Tchamba ló gbé wa. Ìyá ọmọ wà níwájú pẹ̀lú ọmọ, èmi àti Ìyá wà lókè iṣu, kàyé wà lábẹ́ aṣọ mi, òjò pa wá dé ọ̀hún. Mò ń gbàdúrà kan ṣoṣo, pé kí ọmọ yẹn má kú. Mi ò bẹ Ọlọ́run fún ohun mìíràn. Dókítà rán orí náà, ó pẹ́ díẹ̀, ó jáde wá, ó ní ẹ̀jẹ̀ ti dá, kò ní kú. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún, ó ní kí n mú kàyé wá.

"Ọwọ́ ta ni?"

Mo ní, "Tèmi ni."

Ìyá ti ń sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà kí n tó pa ẹnu dé. "Irọ́ ló ń pa. Ọwọ́ mi ni."

Dókítà kò bínú. Ká ní ó bínú ni, ì bá sàn fún mi. Ó ṣí kàyé, ó rí ìbuwọ́lùwé mi lórí ti ọjọ́ náà. Ó wá gbé ìka rẹ̀ lé ìlà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọmọ kan láti Goubi tí wọ́n fẹ́ gbé wá lọ́la ni, mo sì ti buwọ́ lu tirẹ̀ náà.

Ó ní, "Èyí ńkọ́? Ọ̀la ò tíì dé."

Ó ti kàyé náà sínú dúróà rẹ̀, ó ní kí n lọ mú ìwé àṣẹ wá kí òun fi tì í.

Òjò ti dá nígbà tí a jókòó sábẹ́ igi dógóyárò tó wà níwájú ilé ìwòsàn. Aṣọ wa tutù mọ́ wa lára. Mo bi í pé, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ó ní, "Ó ti ń lọ sí ọdún méjì. Mo ti fẹ́ gbé abẹ sílẹ̀ nígbà tí òfin yẹn dé. Mo wá ní rárá, Ọlọ́run ló rán an sí mi. Ẹnì kan á máa wò mí báyìí, bí mo bá fẹ́ ṣì í, á di ọwọ́ mi mú. Ìdí nìyẹn tí mo fi rán ẹ. Mo rò pé ò ń wò mí."

Mo sunkún. Mo ní kó má bínú, mo ní ọlá rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n lè gbójú sókè wò ó.

"Ọlá?" Ó yíjú síbi tí ohùn mi ti ń wá. "Mo bi ẹ́ léèrè, o fi ọlá dá mi lóhùn."

Kò tún sọ̀rọ̀ náà mọ́ títí ó fi kú, kò sì fi bú mi lọ́jọ́ kankan. Ṣùgbọ́n kò di abẹ mú mọ́. Ó pẹ́ gan-an kí n tó rí ìwé mi gbà padà. Mo tún jókòó sórí àpò àgbàdo, mo tún lọ ya fọ́tò tí etí mi hàn, mo tún sùn lọ́dọ̀ ìyá aláṣọ tí kò rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà, Ìyá máa ń gbé àpótí rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á tẹ́tí sílẹ̀. Bí abẹ bá ti ń kú, òun ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ nínú ìró rẹ̀. "Pààrọ̀ abẹ yẹn," á sọ bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ tó ti fọ́ á kọjú sí ọ̀nà. Ẹni tí mi ò lè wò, òun ló fi etí ṣọ́ mi títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a.

Ó ti pẹ́. Kò sẹ́ni tó ń bi mí ní ìwé àṣẹ mọ́, eku ti jẹ apá kan ara ẹ̀, àwòrán ọkùnrin yẹn náà sì ti kúrò lára ògiri. Ọmọ àbúrò mi ti dàgbà. Irun kò hù lókè etí òsì rẹ̀ títí di òní, ó máa ń fi ìborùn bò ó. Ọ̀dọ̀ mi ló ti ń kọ́ṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ni èmi náà jẹ́ sí i, Ìyá ló ń pè mí.

Lọ́jọ́ kan láìpẹ́ yìí, mo rí i pé ẹnu abẹ ti ń di méjì lójú mi. Ó rẹ̀ mí nígbà náà, ó rẹ̀ mí ju gbogbo ọ̀nà Sokodé lọ. Mo gbé ọmọ tí wọ́n gbé wá sórí itan mi. Mo pe ọmọ àbúrò mi, mo gbé àga kalẹ̀ síwájú mi, mo ní kó jókòó kó máa wo ọwọ́ mi. Ó jókòó, ó sì ń wo ilẹ̀, bí a ṣe tọ́ gbogbo wa. Mo gbá a nítan. Mo ní, "Gbójú sókè!" Mo fárí dé ìdajì, mo dúró.

"Ṣé ó mọ́?"

Ó fà sún mọ́ mi, ó wò ó, ó tún un wò.

Ó ní, "Kò mọ́, Ìyá. Ó kù lẹ́yìn etí, ọwọ́ yín sì ti fẹ́ yẹ̀. Ẹ gbé abẹ wá."

Mo gbé e fún un. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò tíì sẹ́ni tó bọlá fún mi tó bẹ́ẹ̀.